Ta ló ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá rí? Mo fẹ́ gbọ́ ìrírí yín kí n tó fọwọ́ sí ìwé

Ọmọ Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, ẹ̀kọ́ nípa ìṣúná ni mo sì kọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó tí ó sì ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ti pè mí fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ tí wọ́n ní kí n mú ọ̀kan.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí n jẹ́ aṣojú tí yóò máa ta ìdójútòfò ẹ̀mí àti ti ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Odògbólú àti Ìjẹ̀bú-Igbó, láìsí owó oṣù, àfi kọmíṣọ̀n lórí ohun tí mo bá tà. Ọ̀nà kejì ni kí n lọ sí Èkó, sí ẹ̀ka tó ń yanjú ọ̀rọ̀ owó òfò tí àwọn oníbàárà bá béèrè fún, pẹ̀lú owó oṣù tí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lókè ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti èkejì yìí kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò náà. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wọn kó òṣìṣẹ́ wọlé ni.

Bàbá mi ní kí n mú ti Èkó, nítorí pé ẹni tó ń gba owó oṣù mọ ohun tí yóò jẹ ní ìparí oṣù. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé, kò fẹ́ kí n máa lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ òun ní orúkọ inṣọ́ránsì, nítorí pé ó mọ ẹni tó san owó fún aṣojú kan títí, tí kò sì rí aṣojú náà mọ́ nígbà tí ọ̀ràn dé. Ohun tí mo rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju kí ẹnìkan yin ilé iṣẹ́ kan, kí ẹlòmíràn sì bú u. Èmi ń fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹni tó ti jókòó nínú iṣẹ́ náà: báwo ni owó ṣe ń wọlé, kí ni ó ń lé èèyàn kúrò, kí ni ó sì ń mú kí àwọn mìíràn pẹ́ níbẹ̀ títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù:

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tó yọjú. Láti ìgbà tí ìwé tádì pátì ọkọ̀ aládàáni (ìdójútòfò tó ń sanwó òfò tí ọkọ̀ ẹni bá kó bá ẹlòmíràn) ti jẹ́ 5,000 náírà ni mo ti ń ta ìdójútòfò ní Ṣàgámù àti káàkiri Rẹ́mọ, kí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, tó sọ ọ́ di 15,000 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Kọmíṣọ̀n ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ọ̀nà kìn-ín-ní yẹn ni mo lè bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ wọlé, ọ̀gá rẹ yóò fún ọ ní ìwé àti bírò, yóò ní kí o kọ orúkọ gbogbo ẹni tí o mọ̀ sílẹ̀: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn tí ẹ jọ kàwé, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìyá rẹ. O lè rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n inú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni tágẹ́ẹ̀tì oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ yóò ti jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ aṣojú tuntun fi máa ń tà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ọjà wọn yóò sì kú lẹ́yìn náà, nítorí pé bí mọ̀lẹ́bí bá tán, ọjà gidi ló kù, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́ níbẹ̀ ní ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọjà gidi le. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Awólọ́wọ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé: bí àwọn bá dá àjọ, àwọn á kó o, bí àwọn bá san owó inṣọ́ránsì tí iná kò sì jó ṣọ́ọ̀bù, ta ló kó owó àwọn? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, mi ò sì jẹ́ fi ẹ̀rín gbé e kúrò nílẹ̀. Mo máa ń ṣàlàyé pé owó gbogbo àwọn tí iná kò jó ni a fi ń gbé ẹni tí iná jó dìde, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí owó padà sọ́wọ́ òun ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ìdójútòfò ẹ̀mí tó ní ìfowópamọ́ nínú ló yẹ kí ó rà. Aṣojú tó bá kàn ní kí wọ́n san án pé owó wọn máa padà, tí kò sọ irú èyí tó ń tà, òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Nígbà tí tádì pátì di 15,000, àwọn awakọ̀ kan ní Sábó gbà pé èmi ni mo fi 10,000 lé e. Wọn kò ka ohun tó bá a wá sí, pé iye tí ilé iṣẹ́ lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wọn bá bàjẹ́ ti di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, nítorí pé kò sí ẹni tó ti rí i gbà láàárín wọn. Àwọn tó ń ta ayédèrú ìwé ní owó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ni wọ́n jèrè lákòókò náà. Ohun tó yọ mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò lórí fóònù, nínú àkójọ NIID, níbi tí wọ́n ń kó ojúlówó ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ sí, lójú oníbàárà, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kí n tó kúrò níwájú rẹ̀.

Nípa owó, kọmíṣọ̀n ìdójútòfò ẹ̀mí máa ń pọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Èyí ló fà á tí aṣojú fi ń sáré lé oníbàárà tuntun tí yóò sì gbàgbé ẹni àná. Bí ẹni àná kò bá rí ẹni rán an létí, tí kò sì san mọ́, ìwé rẹ̀ yóò kú, yóò wá máa sọ káàkiri pé a jẹ owó òun. Bí o bá gba iṣẹ́ yìí, wọn yóò kó irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ fún ọ, àwọn tí aṣojú wọn ti kúrò, èébú ẹni tí o kò rí rí ni o sì máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn. Má ṣe gba owó sọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí wọ́n san án tààrà sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́, kódà bí ìyá àgbà bá ní òun kò mọ ọ̀nà báǹkì, bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ sísan owó òfò, nítorí pé òun ni yóò pinnu bí ayé rẹ yóò ṣe rí nínú iṣẹ́ yìí. Ọkọ obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ra ìdójútòfò ẹ̀mí lọ́wọ́ mi, ọkùnrin náà sì kú. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ní kí opó náà mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ó mú un wá. Wọ́n ní kí ó mú ìwé àdéhùn gan-an wá, ó tú gbogbo àpótí ilé kí ó tó rí i. Wọ́n tún ní orúkọ tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, nítorí pé orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ti ọkọ rẹ̀ sì wà nínú èkejì, kí ó lọ búra ní kóòtù. Ní gbogbo àsìkò náà, orí ìjókòó kan náà ni èmi àti rẹ̀ ń jókòó sí ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò bú mi rí, ó kàn máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, “Ṣé wọ́n ti pè?” Mi ò lè ṣàlàyé fún ọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Nígbà tí owó náà wọlé ní pípé, òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti ra tiwọn, mi ò sì tí ì rí ìpolówó tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹni tó ń tajà ní Èkó lè má tún rí oníbàárà rẹ̀ mọ́ láéláé. Àwa tí a ń tajà nílé, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí a má pàdé.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Ẹ̀ka Owó Òfò:

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yìn tábìlì tí wọ́n ti ń béèrè ìwé lọ́wọ́ opó yẹn ni èmi jókòó sí ní Èkó, mo sì fẹ́ kí àbúrò wa mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì yóò gbé e lọ.

Iṣẹ́ wa ni láti gba ẹ̀sùn òfò, láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé ṣì wà láàyè ní ọjọ́ tí òfò ṣẹlẹ̀, láti rán àwọn tí ń díwọ̀n òfò lọ sí ojúlé, láti ṣírò ohun tó tọ́ sí oníbàárà, kí a sì kọ ìwé tí yóò fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò ni bóyá owó ìdójútòfò ti wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni NAICOM ti mú òfin náà le, pé ẹni tí kò bá san owó kò ní ìdójútòfò, kò sì sí àwìn níbẹ̀. Mo ti ní láti sọ fún ọkùnrin kan tó ń kó obì gbànja láti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya pé ìwé tó mú lọ́wọ́ kò níyì, nítorí pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi í ránṣẹ́ kí ọkọ̀ tó dànù. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì nípa àkáǹtì ilé iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dún lọ.

Èyí tó le jù lọ nínú iṣẹ́ wa ni ìṣirò kan tí àwọn aṣojú kì í fẹ́ sọ fún oníbàárà ní ọjọ́ tí wọ́n ń tà á. Ká ní ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, ṣùgbọ́n nítorí kí owó tó máa san lè kéré, mílíọ̀nù mẹ́rin ló ní kí wọ́n kọ sínú ìwé. Iná wá jó ọjà mílíọ̀nù méjì níbẹ̀. Obìnrin náà yóò rò pé mílíọ̀nù méjì òun ti dé, nítorí pé kò tó mẹ́rin tó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí àdéhùn wí ni pé ìdajì ọjà ló dójú tòfò, nítorí náà ìdajì òfò ni ilé iṣẹ́ máa san, ìyẹn mílíọ̀nù kan, wọ́n sì lè tún yọ ìpín kékeré tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fara mọ́ fúnra rẹ̀ kúrò lára ìyẹn. Èmi ni mo máa jókòó níwájú rẹ̀ láti sọ èyí, bóyá eérú ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ ọ́ fún un ṣáájú iná. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn ka ojú ewé yẹn.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí kò sí lọ́wọ́ aṣojú, tí kò sì sí lọ́wọ́ wa. Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, fáìlì tí a ti parí, tí oníbàárà ti fọwọ́ sí, lè jókòó sí ẹ̀ka ìṣúná títí tí oṣù yóò fi pé, kí owó lè pọ̀ nínú ìwé ìṣirò wọn. Oníbàárà kò mọ ẹ̀ka ìṣúná, nọ́ńbà tèmi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù náà nígbà tí mo bá ń jẹun, nígbà tí mo bá wà nínú ọkọ̀, títí tí ìyàwó mi fi ní kí n ra fóònù mìíràn fún iṣẹ́. Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó oṣù. Ní ibi tí mo wà báyìí, iye kan wà tí ọ̀gá ẹ̀ka wa lè fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, owó a sì máa jáde kíá. Iṣẹ́ kan náà ni, síbẹ̀ mo ń sùn dáadáa. Àbúrò, bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, béèrè pé ta ló ń fọwọ́ sí owó òfò, àti pé títí dé iye wo ni ẹ̀ka náà lè san láìgba àṣẹ. Ìdáhùn wọn yóò sọ irú ilé iṣẹ́ tí o fẹ́ wọ̀ fún ọ.

Ti ìrìn àjò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè gba ilé ní Èkó, Mowé ni mò ń gbé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jáde nílé.

Mo Ti Kúrò Níbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tó wà lókè ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn, nítorí pé àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú kò kàn án, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni èmi fi ara gbà.

Abẹ́ ilé iṣẹ́ akóṣẹ́-fúnni bẹ́ẹ̀, tó ń bá ilé iṣẹ́ mìíràn kó òṣìṣẹ́ wọlé, ni mo wà ní olú ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Tábìlì kan náà ni èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ń lò, ọ̀gá kan náà ló ń pín iṣẹ́ fún wa, fáìlì mi sì máa ń pọ̀ ju tiwọn lọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá parí tí wọ́n bá pín owó àjẹmọ́nú, ti èmi kì í sí níbẹ̀. Ìwé ìlera tí wọ́n fún mi kò gba ilé ìwòsàn tí tiwọn gbà. Ohun tó dùn mí jù ni ti owó ìfẹ̀yìntì: wọ́n ń yọ ìpín tèmi kúrò nínú owó oṣù mi lóṣooṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi, oṣù púpọ̀ ni kò sí ohun tó wọlé. Nígbà tí mo béèrè, ilé iṣẹ́ adójútòfò ní kí n lọ bá akóṣẹ́-fúnni, akóṣẹ́-fúnni ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ni kò tíì san owó fún àwọn. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ẹlòmíràn níyànjú láti múra sílẹ̀ de ọ̀la ni mo ń sọ o, ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, ìmọ̀ náà ni mo sì fi rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí lọ́dọ̀ alágbàtà ìdójútòfò kan. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí i, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn àkókò báyìí, bí iṣẹ́ rẹ bá dára, wọ́n lè gbé ọ sábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ gan-an. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́nu nìkan, kò sí ohun tí o gbà.

Bàbá Afẹ̀yìntì, Ìpéru:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ adójútòfò, ara ìnáwó tí mo sì ń ná lónìí ni ohun tí mo kó jọ níbẹ̀, nítorí náà mi ò lè bú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rí ilé iṣẹ́ tó dúró re, iṣẹ́ tó gbéyì ni, tí èèyàn lè fi kọ́lé, tí ó sì lè fi tọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó sọ, ọ̀rọ̀ òfin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ yóò san ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ yóò sì san 10, kì í ṣe èyí tí òṣìṣẹ́ san nìkan. Òfin kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ti bá àwọn opó òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi gba owó yìí, mo sì mọ ohun tó ṣe fún àwọn ọmọ wọn. Ọmọ mi, béèrè ẹni tó ń san méjèèjì fún ẹni tó bá wà lábẹ́ akóṣẹ́-fúnni, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́.

Nǹkan kejì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni àkókò tí a wà yìí. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, òfin náà sì gbé owó ìpìlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní sókè gan-an. Àwọn tó ń ṣe ti ẹ̀mí, tó jẹ́ bílíọ̀nù 2 náírà tẹ́lẹ̀, ti di bílíọ̀nù 10. Àwọn tó ń ṣe ti iná, ọkọ̀ àti irú wọn, tó jẹ́ bílíọ̀nù 3, ti di 15. Àwọn tó ń dójú tòfò fún àwọn adójútòfò fúnra wọn, tó jẹ́ 10, ti di 35. Ọdún kan ni wọ́n fún wọn láti kó o jọ. Irú rẹ̀ ṣojú mi ní ọdún 2007, nígbà tí wọ́n gbé e dé iye àná yẹn, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké fi parapọ̀ tàbí kí wọ́n kógbá sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìparapọ̀ ṣe ń rí lójú òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ méjì di ọ̀kan, ìlú kan sì wá ní ọ̀gá ẹ̀ka méjì, akọ̀wé owó méjì, awakọ̀ méjì. Ìpàdé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n máa dá dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé yóò máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀ka wa, ẹni tí wọ́n gba àga mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó mọ gbogbo oníbàárà láti Odè-Rẹ́mọ dé Ìṣarà lórúkọ, tó sì jẹ́ pé nítorí pé ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó kéré nínú méjèèjì ni wọ́n fi yọ ọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e lọ nígbà tí ó wọ ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó yọ ọ́ sì pàdánù ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Mo tún sọ fún àwọn tó bá bá irú èyí pàdé pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ìdámẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti fi gbéra. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Nítorí náà, wádìí bóyá ilé iṣẹ́ tó pè ọ́ ti ní owó ìpìlẹ̀ tuntun yẹn, àbí ó ń wá ẹni tí yóò dara pọ̀ mọ́. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò CIIN, ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, láìpẹ́, èyíkéyìí tí o bá mú nínú ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé ìwé ẹ̀rí yẹn ni ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ bí ilé iṣẹ́ bá yí padà.

Ọmọ Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí, ọ̀rọ̀ opó Ìyá Ìbejì sì mú kí ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bí mo bá máa ta á, kí n má ta á fún ẹnikẹ́ni ní ìsọ̀ aṣọ ní Òkè-Ajé títí tí èmi náà yóò fi rí i pé ilé iṣẹ́ náà sanwó fún ẹnìkan. Mo máa béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kí n tó fèsì: ẹni tó ń fọwọ́ sí owó òfò àti iye tí ẹ̀ka lè san, ẹni tó ń san owó ìfẹ̀yìntì àti ìdójútòfò ẹ̀mí àwọn tó wà lábẹ́ akóṣẹ́-fúnni, àti bí wọ́n ṣe dúró lórí owó ìpìlẹ̀ tuntun. Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá mú ti aṣojú, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í tà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí n tó ṣe ìdánwò kankan? Ohun tí ọ̀gá ẹ̀ka níbí sọ fún mi nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù:

Rárá o, má dán an wò. Aṣojú gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAICOM kí ó tó tà, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ tí CIIN ń fún àwọn aṣojú ni o sì máa fi gbà á. Ìdánwò rẹ̀ kò le fún ẹni tó ka ìṣúná ní yunifásítì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ adójútòfò wà ní Asẹ́sẹ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ń tà láìní ìwé àṣẹ, bí oníbàárà bá bá ilé iṣẹ́ lọ sí kóòtù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n tún máa ní kí o mú onídùúró wá. Ka ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni náà fọwọ́ sí kí o tó gbé e lọ bá bàbá rẹ, nítorí pé nínú àwọn kan, onídùúró ni yóò san owó tí o bá jẹ ilé iṣẹ́. Bí ọ̀gá ẹ̀ka yẹn bá tún sọ pé kí o máa tà ná, ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó sì fọwọ́ sí i.